Ẹni Tó Jókòó Sílé Náà Dìbò

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àpéjọ àwọn ọmọ Yorùbá ní Houston, Texas, ṣáájú ìbò oṣù kọkànlá ọdún 2026

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, alága wa lónìí, ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ojú lọ́nà oúnjẹ. (Ẹ̀rín.) Òórùn ẹ̀fọ́ rírò ti ń ti kíṣìnnì wọlé, mo mọ̀, n kò sì ní jẹ́ kó tutù. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ a bá àgbà jẹun. Mo ti wẹ ọwọ́ mi kí n tó gun orí pèpéle yìí.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìbò tó ń bọ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù kọkànlá, ọdún 2026. Ó sì kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, pé Democrat wà láàárín wa, Republican wà láàárín wa, àwọn tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti sú sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Mo gbọ́. N kò wá polongo fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọmọ Amẹ́ríkà, tí ẹ ti búra, tí ẹ ti gbàwé: ẹni tó bá dìbò ní 2024, kó nawọ́ sókè. Ẹ ṣeun. Ọwọ́ pọ̀ o. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó dìbò ní 2022 ńkọ́?

(Ọwọ́ díẹ̀ ló gòkè.)

Ẹ wo ara yín. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn, mo lè lọ jókòó báyìí. (Ẹ̀rín.)

Ọdún méjì méjì

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ tí a bá dìbò yan ààrẹ náà la ń yan sẹ́nétọ̀ àti aṣojú-ṣòfin. Tó bá ti tán, ó di ọdún mẹ́rin. Níbí, ọdún mẹ́rin ni ààrẹ ń lò, ṣùgbọ́n aṣojú-ṣòfin, ọdún méjì péré. Gbogbo àga 435 tó wà nílé aṣojú-ṣòfin ní Washington ló ń padà sọ́wọ́ aráàlú ní ọdún méjì méjì. Àwọn sẹ́nétọ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ọdún mẹ́fà ni tiwọn, bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló sì ń lọ síbi ìbò lẹ́ẹ̀kan. Gómìnà 36 nínú àádọ́ta, ti Texas wà lára wọn, ọdún tí ààrẹ bá wà láàárín sáà rẹ̀ ni wọ́n ń yàn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ìbò ààrin sáà. Orúkọ ààrẹ kò sí lórí ìwé ìdìbò lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun gan-an ni wọ́n ń bá wíjọ́.

Àwọn baba wa ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Irú èrò yẹn ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ òfin ilẹ̀ yìí ní 1787. Wọn ò fẹ́ kí ìjọba jókòó pẹ́ kí aráàlú tó tún bi í léèrè ohun tó ń ṣe.

Ìdáhùn wo wá ni aráàlú máa ń fún ààrẹ? Ìdáhùn náà le. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ ààrẹ jèrè àga nílé aṣojú-ṣòfin nínú ìbò ààrin sáà: 1934 lábẹ́ Roosevelt, 1998 lábẹ́ Clinton, 2002 lábẹ́ Bush ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Ẹ sì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 1934, ebi ti pa Amẹ́ríkà títí, Roosevelt sì ni wọ́n gbójú lé. Ní 1998, Republican ń lé Clinton kiri torí ọ̀rọ̀ obìnrin, wọ́n fẹ́ yọ ọ́ nípò. Ọ̀rọ̀ náà sú aráàlú, àwọn tó ń lé e ni wọ́n nà, Newt Gingrich tó jẹ́ abẹnugan sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2002, ọdún kan péré ni ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án. Àfi kí nǹkan tó tó bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ kí ẹgbẹ́ ààrẹ tó jèrè.

Àwọn ọdún yòókù, àdánù ni. Ní 1994, àga tó lé ní àádọ́ta bọ́ lọ́wọ́ Democrat, ilé tí wọ́n ti ń ṣàkóso fún ogójì ọdún bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Tom Foley, abẹnugan fúnra rẹ̀, pàdánù àga tirẹ̀ nílé, ní ìpínlẹ̀ Washington. Ní 2006 ó kan Republican, ni Nancy Pelosi fi di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ abẹnugan. Ní 2010, ọdún méjì lẹ́yìn tí gbogbo ayé jó torí Obama, tí àwa náà jó ní Houston níbí, ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù àga 63. Ní 2018, ẹgbẹ́ Trump pàdánù bí ogójì.

Ayọ̀ a máa sùn, ìbínú kì í sùn

Kí ló fà á? Nǹkan méjì ni. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí tó tóbi jù nínú wọn.

Èkíní ni pé àwọn kan máa ń yí ọkàn padà. Wọ́n dìbò fún ààrẹ, epo wọ́n, ẹyin wọ́n, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ bínú, wọ́n kàn fẹ́ kí ẹnìkan máa ṣọ́ ọwọ́ ààrẹ ni. Àwọn wọ̀nyí wà, wọ́n sì pọ̀ lọ́dún 2018. N kò ní pẹ́ lórí wọn.

Èkejì ni mo bá wá. Àwọn tó jókòó sílé ni. Ní 2008, bí 62 nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún èèyàn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ló dìbò. Ní 2010, ó já wálẹ̀ sí bí 41. Ní 2012, ó tún gòkè kọjá 58. Ní 2014, ó já sí bí 37. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wé ti INEC o. INEC ń ṣírò lórí àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Èyí tí mò ń kà fún yín yìí, gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ ni, ó forúkọ sílẹ̀ o, kò forúkọ sílẹ̀ o.

Ta ló ń pòórá láàárín ọdún ààrẹ àti ọdún ààrin sáà? Àgbà kì í pòórá. Àgbà tó ti dìbò láti ayé Reagan, òjò ni o, oòrùn ni o, á lọ. Ètò ìkànìyàn ìjọba sọ ọ́: ní 2014, bí 59 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pé ọdún 65 ló ní àwọn dìbò. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 29 ńkọ́? Ogún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ̀yìn yẹn, ẹ má fojú burúkú wò mí, ìjọba ló kà yín. (Ẹ̀rín.) Ṣé ó wá yà yín lẹ́nu pé kò sí olóṣèlú tó lè fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbà kí àyà rẹ̀ má já, tí ọ̀rọ̀ gbèsè ilé-ìwé yín sì ń ti kóòtù kan bọ́ sí òmíràn?

Àwọn mìíràn tó ń pòórá ni àwọn tó borí. Ẹni tí ààrẹ rẹ̀ ti wọlé rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó pàdánù, ojoojúmọ́ ni inú ń bí i, ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ohun tó dùn ún nínú ìròyìn. Tí ọjọ́ ìbò bá dé, ta ni nínú àwọn méjèèjì ló máa yára jí?

Àga Bush ní Houston

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Washington, ká wá sí ìdí ilé wa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹkùn ìdìbò keje ní Texas, apá ìwọ̀-oòrùn Houston.

Ní 1966, nínú ìbò ààrin sáà, ọkùnrin kan tó ń ṣòwò epo rọ̀bì gba àga ẹkùn yìí fún Republican. George Bush ni, bàbá, ẹni tó padà di ààrẹ. Bush lọ, Bill Archer dé, ó lo ọgbọ̀n ọdún. Archer lọ, John Culberson dé ní 2001. Republican ni gbogbo wọn. Àgbà ìlú gan-an kì í bá wọn du àga náà. Kí lèèyàn fẹ́ lọ fi owó rẹ̀ ṣe níbẹ̀?

Ní 2014, bí 90,000 èèyàn dìbò fún Culberson, ó sì fi ẹ̀yìn alátakò rẹ̀ gbálẹ̀ láìlàágùn. Gbogbo ìbò tí wọ́n dì ní ẹkùn náà lọ́dún yẹn kò tó 150,000. Ó di 2018. Ìbò tí Culberson rí ò dínkù sí ti ìbò ààrin sáà tó ṣáájú, ó lé sí i ni. Ó rí bí 115,000. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó fi bí 25,000 lé ti tẹ́lẹ̀, ó sì fìdí rẹmi. Lizzie Fletcher, Democrat, agbẹjọ́rò tí kò dupò kankan rí, rí bí 128,000. Àga tí Bush gbà ní 1966 bọ́ lẹ́yìn ọdún 52.

Níbo ni àwọn èèyàn yẹn wà ní 2014? Ṣé Oklahoma ni wọ́n ti lọ kó wọn wá? Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé lóòótọ́, àwọn kan ti dìbò fún Culberson tẹ́lẹ̀ tí wọ́n yí padà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, àdúgbò yẹn ni wọ́n wà, Bellaire, Memorial, òpópónà Westheimer, wọ́n ń sanwó orí, wọ́n ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé. Wọn kàn ń jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò ni. Lọ́dún 2014, bí 28 nínú ọgọ́rùn-ún ló dìbò ní gbogbo Texas. Ní 2018, ó di bí 46. Beto O'Rourke, Democrat tó ń bá Ted Cruz ti Republican du àga sẹ́nétọ̀ lọ́dún náà, kò wọlé. Ìbò tó lé ní 200,000 ni wọ́n fi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n èrò tó tìtorí rẹ̀ jáde kò kúkú dìbò ẹyọ kan ṣoṣo kí wọ́n padà sílé. Wọ́n dìbò títí dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Ìsàlẹ̀ ìwé yẹn ló yẹ kí ẹ bá mi wò. Ẹni tó bá dìbò ní Harris County, káńtì tí Houston wà, mọ̀ pé ìwé wa gùn bí ìlà ọkọ̀ ní òpópónà I-10. Adájọ́ lórí adájọ́. Lọ́dún 2018, obìnrin aláwọ̀ dúdú 17 ló wọlé gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní káńtì wa lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn adájọ́ wọ̀nyí ló ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ tí ọlọ́pàá mú, ẹjọ́ onílé tó fẹ́ lé ayálégbé, ẹjọ́ tọkọtaya tó ń kọra wọn. Mo mọ àwọn kan níbí tí wọ́n ti dúró níwájú wọn, n kò ní dárúkọ. (Ẹ̀rín.)

Ipò tí wọ́n ń pè ní county judge náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà nípò yìí kì í jókòó gbọ́ ẹjọ́. Òun ni olórí ìṣàkóso gbogbo Harris County, àwa tí a lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ọwọ́ rẹ̀ ni ètò ìnáwó wà, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omíyalé wà. Ed Emmett, Republican, ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tí ìjì Harvey bo ìlú yìí mọ́lẹ̀ ní 2017, òun là ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Democrat gan-an fẹ́ràn rẹ̀. Ta ló yọ ọ́? Lina Hidalgo, ọmọ ọdún 27, tí wọ́n bí ní Colombia, tó di ọmọ Amẹ́ríkà ní 2013. Ó fi bí 19,000 ìbò jù ú lọ. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó búra! Àwọn kan wà níbí tó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti búra, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti ń dìbò ní àdúgbò wọn. Ẹ má bi mí bóyá ìṣàkóso rẹ̀ dáa o, a ó jà nínú gbọ̀ngàn yìí, oúnjẹ á sì dànù.

Àjẹ́ ké lánàá

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ ìbò kan ṣoṣo láti 2014 títí dé 2022.

Mo ti sọ pé bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún ló dìbò ní 2014. Iye tó kéré bẹ́ẹ̀ kò tíì sí láti 1942. Ní 1942, àwọn ọ̀dọ́kùnrin wà lójú ogun, àwọn mìíràn wà nínú ọkọ̀ ojú omi lórí òkun. Ní 2014, ogun wo ló wà? A kàn jókòó ni. Ọdún náà ni Republican gba àga mẹ́sàn-án lọ́wọ́ Democrat nílé aṣòfin àgbà, tí àkóso ilé náà fi bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Ó di oṣù kejì 2016. Antonin Scalia, adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, kú lójijì níhìn-ín ní Texas, níbi tó ti lọ sinmi. Obama yan Merrick Garland láti rọ́pò rẹ̀. Òfin ní ilé aṣòfin àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mitch McConnell, olórí ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé náà, ní àwọn ò ní pè é wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rárá, ká dúró de ààrẹ tuntun. Wọ́n dúró. Àga Scalia ṣófo ju ọdún kan lọ. Trump wọlé, Neil Gorsuch ló jókòó síbẹ̀ ní 2017. Lẹ́yìn rẹ̀ Brett Kavanaugh dé ní 2018, Amy Coney Barrett ní 2020. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ náà da ẹ̀tọ́ oyún ṣíṣẹ́ tó ti wà láti 1973 nù, wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ṣe bó ṣe wù ú. Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Trump yàn yìí ló wà lára àwọn tó dá a.

Mo mọ̀ pé èrò wa ò pé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Pásítọ̀ wà níbí, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí wà níbí. Bí ìdájọ́ náà bá dùn mọ́ ẹ nínú, lọ kí àwọn tó jókòó sílé ní 2014. Bó bá dùn ẹ́, ọ̀dọ̀ wọn náà ni kí o gbé ẹkún lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì parí síbẹ̀. Lọ́dún 2022 yẹn, Biden wà lórí oyè, ọjà wọ́n, gbogbo onísọ̀rọ̀gbèsì ní tẹlifíṣọ̀n ló ń sọ pé àgbàrá pupa ń bọ̀ (pupa ni àwọ̀ Republican), pé Republican á gbá Democrat lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo Kansas. Kansas, ibi tí Republican ti pọ̀ bí èèrà! Ní oṣù kẹjọ wọ́n gbé e síwájú aráàlú bóyá kí wọ́n yọ ààbò oyún ṣíṣẹ́ kúrò nínú òfin ìpínlẹ̀ wọn. Bí 59 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní rárá. Nígbà tí oṣù kọkànlá dé, àgbàrá ò dé. Àga mẹ́sàn-án péré ni Republican fi lé nílé aṣojú-ṣòfin, 222 sí 213, Democrat tilẹ̀ fi ọ̀kan lé nílé aṣòfin àgbà. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó wà lẹ́yìn ààrẹ náà ló ń bínú.

Nǹkan ti yí padà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ nípa òṣèlú tẹ́lẹ̀ fetí sí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń tún sọ: bí èrò bá pọ̀ níbi ìbò, Democrat ló jèrè, bí èrò bá kéré, Republican. Ó rí bẹ́ẹ̀ láyé Obama. N kò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí ló yí? Àwọn ará ìlú tó kàwé gboyè, tí wọ́n ń gbé àdúgbò tó tòrò, tí wọn kì í pa ìbò kankan jẹ, títí kan ti ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, Republican ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà Trump, ọ̀pọ̀ wọn ti sún sọ́dọ̀ Democrat. Irú wọn ló pọ̀ ní ẹkùn keje. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò gboyè, tí wọ́n ń dìbò lọ́dún ààrẹ nìkan, sún sọ́dọ̀ Trump. Ẹ wo Starr County lápá ààlà Mexico níbí, níbi tó jẹ́ pé gbogbo ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ Latino. Ní 2024, Trump borí níbẹ̀. Láti 1892, Republican kankan kò borí níbẹ̀ nínú ìbò ààrẹ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí Trump jáde, ṣé ó máa jáde nígbà tí orúkọ Trump kò sí lórí ìwé? Ìṣòro tó ń da àwọn olórí Republican láàmú nìyẹn báyìí, ìṣòro kan náà tó da àwọn ti Obama láàmú ní 2010 àti 2014. Owó tí wọ́n ń ná lórí rẹ̀ pọ̀.

Nígbà tí olóṣèlú kò bá dá èrò lójú, ààlà ló máa ń lọ tún fà. Ní oṣù kẹjọ 2025, àwọn aṣòfin Texas tún máàpù àwọn ẹkùn wa pín, láìdúró de ìkànìyàn 2030, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi àga márùn-ún lé ti Republican. California gbẹ̀san: ní oṣù kọkànlá, aráàlú ibẹ̀ dìbò fọwọ́ sí máàpù tiwọn, wọ́n fẹ́ fi márùn-ún lé ti Democrat. Bí ilé ogún ni wọ́n ń jà lé e lórí báyìí, yàrá kan sí yàrá kan. Nítorí náà, ẹ má fọkàn sí ẹkùn tí ẹ wà tẹ́lẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan nínú yín sùn sí ẹkùn kan, wọ́n jí sí òmíràn láìkó ẹrù.

Ṣé torí àga márùn-ún ni gbogbo ariwo yìí? Ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù karùn-ún 2025, òfin owó orí àti ìnáwó ńlá tí Trump fẹ́ dé iwájú ilé aṣojú-ṣòfin. Wọ́n jókòó mọ́jú. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ní ìdájí, 215 sí 214 ni. Ẹyọ kan! Republican kan ti sùn lọ, kò rí ìbò dì. (Ẹ̀rín.) Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Democrat mẹ́ta ló ti kú lọ́dún náà tí àga wọn ṣì ṣófo. Ọ̀kan nínú wọn ni Sylvester Turner, tó ti jẹ olórí ìlú Houston rí, tó ń ṣojú ẹkùn 18 níbí. Bóyá ẹ fẹ́ òfin náà ni o, bóyá ẹ kò fẹ́ ẹ, ẹ mọ̀ pé ará ìlú wa ò ní ohùn kankan níbẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn.

Ní 2022, Lauren Boebert wọlé ní Colorado pẹ̀lú 546 ìbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá ìyàwó, èèyàn mélòó ló wá síbi ìgbéyàwó tó kọjá yìí? Àwọn tó wọ aṣọ ẹbí nìkan ì bá lé e. (Ẹ̀rín, àtẹ́wọ́.)

Àwa ńkọ́?

Àwọn ọmọ wa ti ń bọ́ sí i. Nínú ìbò ààrin sáà 2022 yẹn, Solomon Adesanya, Segun Adeyina àti Phil Olaleye wọlé sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Georgia. Carol Kazeem wọlé ní Pennsylvania. Nínú ìbò abẹ́lé ló ti kọ́kọ́ lé ẹni tó wà lórí àga náà kúrò. Ẹ wo ọdún tí wọ́n wọlé. Ọdún tí èrò kò pọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ méjì ló kù tí mo fẹ́ sọ, ó le díẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní gíríìn káàdì, ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà: ẹ má dìbò. Ẹ má forúkọ sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ tó ń ṣe láísẹ́ǹsì ọkọ̀ bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, ẹ ní rárá, ẹ sì wo fọ́ọ̀mù náà dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ dá èèyàn padà sílé. Kò sí pé n kò mọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ máa ti àwọn tó ti búra jáde nílé.

Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ ti búra, ẹ má rò pé orúkọ yín á máa dúró dè yín. Ọkùnrin kan wà ní Ohio, ó ti ṣiṣẹ́ ológun ojú omi rí. Ó dìbò ní 2004 àti 2008. Ní 2012 àwọn tó dupò kò wù ú, ó jókòó. Àwọn ìbò ààrin sáà ní 2010 àti 2014 náà, ó jókòó. Ní 2015 ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ dìbò lé lórí, ó jáde, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò sí mọ́. Ilé kan náà ló ṣì ń gbé o! Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i, kò fèsì. Ó ní òun ò rántí pé òun rí lẹ́tà kankan. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní 2018 wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà láre, márùn-ún sí mẹ́rin. Ẹ bá mi ka ìyẹn pọ̀ mọ́ ohun tí mo sọ nípa Gorsuch. Ó wà lára àwọn márùn-ún náà.

Ní Texas níbí, ẹ ò lè tọ íntánẹ́ẹ̀tì lọ forúkọ sílẹ̀ bíi tàwọn ìpínlẹ̀ kan, àyàfi bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń tún láísẹ́ǹsì yín ṣe. Ìwé ni, ẹ ó kọ ọ́, ẹ ó fọwọ́ sí i, ẹ ó fi ránṣẹ́ tàbí kí ẹ fà á lé ẹni tí káńtì fún láṣẹ lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ wọlé nígbà tó bá ṣì ku bí ọgbọ̀n ọjọ́ sí ìbò. Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ló parí lọ́dún yìí. Ìbò ṣáájú ọjọ́ máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn, ọ̀sẹ̀ méjì wà tí ẹ lè yà níbẹ̀ tí ẹ bá jáde lówùúrọ̀.

Àwọn ìyá méjì tó jókòó nídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí wọ́n wọ gèlè aláwọ̀ ewé, káńtì ti fún wọn láṣẹ. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ wọn, bírò wà. Nọ́ńbà láísẹ́ǹsì yín ni wọ́n máa béèrè, tàbí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn Social Security yín. Ẹni tó ti kó kúrò níbi tó ń gbé tẹ́lẹ̀, kó tún un kọ.

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́. Alága, ó kù sọ́wọ́ ìbéèrè. Bàbá tó wà ní ìlà kejì ti nawọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Hidalgo, ẹ fún wọn ní máíìkì.